Bẹ́árìn ajọ̀ ẹ̀pà mi kì í pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó kú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́pà Kakuri

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Kaduna ni mo wà, ní Kakuri. Ẹ̀pà ni iṣẹ́ mi. Mo ń ra èyí tí wọ́n ti pa lápò-lápò, mo ń jọ̀ ọ́ kí iyanrìn, èèpo àti ẹ̀pà wẹ́wẹ́ lè jáde. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin a wá ṣa èyí tó ti bu kúrò, lẹ́yìn náà la ó yan án, a ó sì lọ̀ ọ́ fún àwọn tó ń rọ ọ́ sínú ike tà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ajọ̀ ni wàhálà mi. Ọwọ́ la fi ń jọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀, títí di ọdún tó kọjá tí wẹ́dà kan bá mi ṣe ẹ̀rọ. Àtẹ irin gígùn kan ni, ó tó mítà kan àbọ̀, wọ́n lu ihò sí i lára. Apá irin mẹ́rin ló so ó rọ̀ mọ́ férémù, igun kan apá kan. Mo wọn apá kan, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25. Bẹ́árìn wà lókè apá, bẹ́árìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Motor iná wà lábẹ́, ó ń fi bẹ́líìtì yí ṣáàfùtì kan, ṣáàfùtì yẹn ló ní kíráńkì tó ń ti àtẹ lọ tó ń fà á bọ̀. Púlì orí motor jẹ́ íǹṣì 3, ti orí ṣáàfùtì jẹ́ íǹṣì 7. Láti ìpẹ̀kun kan dé ìpẹ̀kun kejì, àtẹ ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 3.

Iṣẹ́ rẹ̀ yá, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ẹ ó gbọ́ ọ láti ojú títì. Mo pe wẹ́dà, ó pààrọ̀ bẹ́árìn méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn, igbe náà tún dé. Ó ní èyí tí mo rà kì í ṣe ojúlówó. Mo fẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọjà Panteka, mo ra olówó gọbọi. Ìyẹn lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí mo ti pààrọ̀ láti ìgbà ọyẹ́.

Ohun tó gbé mi wá síbí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Bẹ́árìn òkè kan fọ́ nígbà tí àtẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ sì dà sínú ẹ̀pà. A pa ẹ̀rọ, a da àpò mẹ́ta sílẹ̀ sórí tapólì, gbogbo wa jókòó yí i ká, à ń fi ọwọ́ tú u. Mẹ́fà la rí. Mo ka ti inú bẹ́árìn kejì rẹ̀, mẹ́jọ ni. Títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí méjì yòókù. Mo ń ro ẹni tí yóò bu ẹ̀pà yẹn sẹ́nu, mo ń ro eyín ọmọ ọlọ́mọ. N kò lè tà á. Àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kó dànù.

Ẹnì kan ní kí n ra bẹ́árìn tó tóbi ju èyí lọ. Ẹlòmíràn ní kí n yọ bẹ́líìtì, kí n fi jíà sí i. Wẹ́dà mi ní òun yóò lu ihò gríìsì sí gbogbo rẹ̀, kí n máa fa gríìsì sí i láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe nínú rẹ̀? Owó tó kù lọ́wọ́ mi kì í ṣe èyí tí mo lè fi dán nǹkan wò.

---

Alágbẹ̀dẹ Zaria

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá ẹlẹ́pà. Ohun tí ẹ ṣe sí àpò mẹ́ta yẹn, Ọlọ́run yóò fi òmíràn dí i fún yín. Mo mọ ẹni tí kò ní dà á nù.

Ẹ má ra bẹ́árìn mọ́. Ẹ má fi jíà sí i. Ihò gríìsì lókè ẹ̀pà, ẹ má gbà fún wọn láé. Láti 1984 ni mo ti ń jó irin ní Sabon Gari Zaria níbí, ajọ̀ bíi tiyín tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kò kéré. Bẹ́árìn yín kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n ná. Apá mẹ́rin, bẹ́árìn méjì-méjì, ó di mẹ́jọ. Ṣáàfùtì jókòó lórí méjì. Ọ̀pá tó ń ti àtẹ ní ọ̀kan níbi kíráńkì, ó ní ọ̀kan níbi tó ti so mọ́ àtẹ. Ó di méjìlá. Nínú méjìlá yìí, mẹ́ta péré ló ń yí po: méjì ti ṣáàfùtì, ọ̀kan ti kíráńkì. Mẹ́sàn-án yòókù, mímì ni wọ́n ń mì. Apá yín gùn ní sẹ̀ǹtímítà 25, àtẹ ń lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ síhìn-ín, kan àbọ̀ sọ́hùn-ún. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò ju dígírì mẹ́ta àbọ̀ lọ síhìn-ín, mẹ́ta àbọ̀ sọ́hùn-ún. Láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́árìn inú apá yín kì í yí kọjá ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, yíyí ló ń dá bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù sí. Bó ti ń yí ni bọ́ọ̀lù ń gbé gríìsì káàkiri ilé rẹ̀, tí ẹrù kì í sì í wà lójú kan ṣoṣo. Bó bá kàn ń mì lójú kan, bọ́ọ̀lù a ti gríìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́, gríìsì kò ní rí ọ̀nà padà wá, irin á wá máa ha irin. Pẹ̀lú eré tí tiyín ń sá, ìgbà tó ń ha ju 37,000 lọ láàárín wákàtí kan. Ọjọ́ tí èmi fojú ara mi rí i, ajọ̀ ìrẹsì ni mo ń tún ṣe. Mo fi díìsìkì la bẹ́árìn tó kú sí méjì kí n lè mọ ohun tó pa á. Gbogbo ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà ń dán gbinrin bíi tuntun, àfi ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ti ń jókòó. Ibẹ̀ ti jin kòtò-kòtò, ìyẹ̀fun pupa bí osùn sì kún un. Irin tó ti di ìpẹtà ni. Láti ọjọ́ náà, n kì í fi bẹ́árìn sí ibi tí nǹkan kì í bá ti yí po mọ́.

Rọ́bà ni mo ń lò. Ẹ padà sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ béèrè búṣìn: páìpù irin kékeré láàárín, rọ́bà yí i ká, páìpù irin ńlá lóde. Òun ló wà nídìí apá irin tó di táyà iwájú mọ́tò mú. Wọ́n ti lẹ rọ́bà pọ̀ mọ́ irin tinú àti tòde, kò sí ohun tó ń yọ̀ lára ohun kan. Bí apá bá mì, rọ́bà á lọ́ díẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ fà padà. Kò fẹ́ gríìsì. Eruku ọyẹ́ kò rí ibi gbà wọlé. Kò ní bọ́ọ̀lù tí yóò já sínú oúnjẹ. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé, yóò kọ́kọ́ sán kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ ó ti fojú rí i kó tó já. Mẹ́jọ fún apá mẹ́rin, ọ̀kan fún ibi tí ọ̀pá ti so mọ́ àtẹ. Bí ẹ ti sọ bẹ́árìn méjìlá di mẹ́ta nìyẹn.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í kíyè sí, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń dè é. Kí wọ́n má fún bóòtì búṣìn le nígbà tí àtẹ bá wà ní ìpẹ̀kun ìrìn rẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ yí kíráńkì títí àtẹ yóò fi wà ní agbedeméjì, kí wọ́n di í mú níbẹ̀, kí wọ́n tó wá fún gbogbo bóòtì. Bí wọ́n bá fún un ní ìpẹ̀kun, dígírì méje ni rọ́bà yóò máa lọ́ sí apá kan, kò sì ní lọ́ sí èkejì rárá, yóò tètè já. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀: mọ́tò gbọ́dọ̀ ti fi táyà tẹlẹ̀ kó tó fún búṣìn pa.

Mo ti dán pákó pẹlẹbẹ wò rí dípò apá irin. Àwọn òyìnbó fi irú pákó tó ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbé ajọ̀ ọkà ró dáadáa láyé àtijọ́, torí náà ọgbọ́n náà kò burú. Ìrókò ni mo lò, ó ya lẹ́bàá ihò bóòtì. Ẹni tó bá rí igi tó yẹ, kó ṣe é.

Ó ku eré. Ẹ̀rọ yín ń sáré jù. Irú motor tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ń yí nǹkan bí ìgbà 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Láti púlì íǹṣì 3 sí íǹṣì 7, ṣáàfùtì yín ń yí ju ìgbà 600 lọ. Bí àtẹ àti ẹ̀pà orí rẹ̀ bá tó kìlò 25, agbára tí kíráńkì fi ń já a gbà padà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan á tó ìwúwo kìlò 160. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta àti díẹ̀ nìyẹn, ní ìgbà ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ta ni kò ní ké? Ẹ yọ púlì íǹṣì 7, ẹ fi 14 sí i. Eré yóò dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n agbára yẹn yóò dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin: kìlò 40, kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ìṣirò àwọn tó ń ṣe bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù sì ni pé bí ẹrù bá dín sí ìdajì, iye ìgbà tí bẹ́árìn lè yí kó tó rẹ̀ ẹ́ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Níbi kíráńkì yín, ẹrù dín sí ìdajì, ó tún dín sí ìdajì rẹ̀. Mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ.

Ẹ má bẹ̀rù pé iṣẹ́ á falẹ̀. Ẹ̀pà tó bá ń ta sókè kì í ráyè já sínú ihò. Ẹ dẹ orí àtẹ sílẹ̀ díẹ̀ síbi tó ń bọ́ sí, yóò máa rìn lọ.

Fún ṣáàfùtì, ẹ ra bẹ́árìn tó ní ilé tirẹ̀, èyí tí wọ́n kọ UCP sí lára. Èyí tó wà nínú ilé yẹn lè yí ojú díẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí férémù tí a fi ọwọ́ jó kì í tọ́ délẹ̀délẹ̀, bó ti wù kí ọwọ́ wẹ́dà mọ́ tó.

---

Ọmọ Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Àbújá ni mo wà, àtúnṣe ẹ̀rọ oúnjẹ ni mò ń ṣe. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Bàbá sọ, kí ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un: òróró ẹ̀pà àti rọ́bà búṣìn kò gbọ́dọ̀ pàdé. Rọ́bà tó wá láti ara igi, bí òróró bá ń kàn án lójoojúmọ́, yóò mu ún, yóò wú, yóò sì rọ̀ bíi búrẹ́dì tí wọ́n tẹ̀ bọ inú tíì. Bí ẹ bá ń jọ̀ ẹ̀pà kí ẹ tó yan án, kò séwu, gbígbẹ ni. Àmọ́ bí ẹ bá tún ń fi ẹ̀rọ kan náà jọ̀ èèpo pupa kúrò lẹ́yìn yíyan, ẹ wá rọ́bà nitrile, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe síìlì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Òróró kì í tètè ràn án.

Bàbá, ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ṣé kò ní dára kí wọ́n pín àtẹ sí méjì lórí ṣáàfùtì kan náà, kí kíráńkì méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra wọn, tí ọ̀kan á máa lọ bí èkejì ti ń bọ̀? Ohun tí ọ̀kan bá fi ti férémù, èkejì á fi fà á padà, ilẹ̀ kò ní gbọ̀n mọ́.

---

Alágbẹ̀dẹ Zaria

Òótọ́ lo sọ nípa òróró, ọmọ mi. Ó yẹ kí n ti mẹ́nu kàn án.

Ti àtẹ méjì, ó máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ka ohun tó fi kún un: kíráńkì kejì, ọ̀pá kejì, apá mẹ́rin mìíràn, búṣìn mẹ́sàn-án mìíràn, bẹ́árìn kan. Fún ẹ̀rọ ńlá tó wà lórí òrùlé ilé alájà, mo lè ṣe é. Fún kìlò 25 tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, bóòtì mẹ́rin tó wọlẹ̀ dáadáa ti tó. Ohun tí kò bá sí nínú ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò ní pè mí ní òru pé ó bàjẹ́.

---

Ìyá Sóyà Kano

Ẹ kú ìrọ́jú o, aṣiṣẹ́ bíi tèmi. Mo ka ti bọ́ọ̀lù inú ẹ̀pà yẹn, ara mi bù máṣọ. Ìyẹ̀fun sóyà ni mo ń jọ̀ ní Sabon Gari níbí. Èmi ti yọ kíráńkì kúrò pátápátá. Àtẹ mi jókòó lórí sípíríǹgì mẹ́rin, motor tí wọ́n gbé irin wúwo tí kò dọ́gba sí orí rẹ̀ méjèèjì ni mo so mọ́ ọn nísàlẹ̀. Bó ti ń yí, irin yẹn ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, àtẹ ń gbọ̀n. Kò sí apá, kò sí ọ̀pá, kò sí bẹ́líìtì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ló yẹ. Mímì rẹ̀ kéré, ó yára, ìyẹ̀fun ló bá mu jù. Motor náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yẹn. Ọmọ kan kọ́kọ́ bá mi jó irin mọ́ orí motor lásán, ọjọ́ mẹ́rin ló lò. Bí ẹ bá sì pa á, eré rẹ̀ á máa dín kù, á wá kan ibì kan tí gbogbo ara rẹ̀ á gbọ̀n jìgìjìgì kó tó dákẹ́. Ìgbà yẹn ni ojú ibi tí wọ́n jó máa ń sán. Bóòtì tó ní nọ́ọ̀tì onírọ́bà ni mo ń lò báyìí níbi púpọ̀ dípò jíjó.

Ohun méjì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ẹ ra òòfà tó lágbára, ẹ gbé e sí ẹnu ibi tí ẹ̀pà ti ń bọ́ jáde, kí ẹ máa nù ún ní gbogbo wákàtí. Bọ́ọ̀lù bẹ́árìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má fi ọkàn tán an fún irin tí kì í dípẹtà o: èyí tó wọ́pọ̀ jù tí a fi ń ṣe àtẹ oúnjẹ, òòfà kì í sábà gbé e. Èkejì, bẹ́árìn mẹ́ta tó kù yẹn, bí ẹ bá máa fi gríìsì sí i, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ H1 sí lára, tí wọ́n ṣe fún ibi tó lè ṣèèṣì kan oúnjẹ. Ó wọ́n. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lẹ nílò.

---

Ẹlẹ́pà Kakuri

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé.

Òòfà ni mo kọ́kọ́ rà, lọ́jọ́ kejì tí Ìyá Sóyà sọ ọ́. Ó gbé ìṣó kan àti ìdá abẹ́rẹ́ ìránpò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Inú àpò tí a rà ni wọ́n ti wá, kì í ṣe láti ara ẹ̀rọ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń lọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀pà láìmọ̀. N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Búṣìn mẹ́sàn-án, a rí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wẹ́dà mi kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ó ní rọ́bà kò lè gbé àtẹ. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí i létí látòkè délẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìyẹ̀fun pupa, ó dákẹ́, ó gbé bẹ́árìn tó ti kú kan, ó lọ là á fúnra rẹ̀. Ó padà wá, kò sọ nǹkan kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé páìpù.

Púlì íǹṣì 14 ló pẹ́ kí a tó rí. Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, mo kọ́kọ́ rò pé iná kò gbé e, nítorí n kò gbọ́ ariwo. Àwọn ọmọbìnrin mi ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ báyìí bí wọ́n ti ń ṣà á. Àpò tí à ń jọ̀ lóòjọ́ kò dín, àfi ọjọ́ tí ẹ̀pà bá tutù.

Bàbá, ohun kan ló kù. Apá ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì, búṣìn òkè rẹ̀ ti ń sán, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Mo bi ọmọ tó dè é, ó ní bóòtì yẹn lòun kọ́kọ́ fún, àtẹ ṣì wà ní ìpẹ̀kun kí òun tó rántí. Mo ti ra òmíràn. Lọ́jọ́ Àìkú tí a kì í ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni n ó di kíráńkì mú sí agbedeméjì, òun á sì fún bóòtì.